Níwọ̀n Ìgbà Tí Ẹni Tó Rà Á Bá Wà Láàyè

"Ṣé Ìyáàfin Burkhalter ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà?"

"Èmi ni."

"Royce Teague ni orúkọ mi. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ìléwọ́ ọkọ yín ni mo ti ń pè, ní ẹ̀ka àtúnṣe. Ọ̀gbẹ́ni Verlin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Oleta fa okùn fóònù dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé láàrin àwọn adìyẹ, agolo oúnjẹ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kà wọ́n. Tó bá ti ka méje, á dúró, á wo ilẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Mọ́kànlá ni wọ́n.

"Kò sí nítòsí," ni Oleta wí. "Sọ ọ́ fún mi, màá jíṣẹ́."

Oleta ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn ọkùnrin náà, àti ẹnì kan tó ń súfèé.

"Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá mi bi í ní ìbéèrè kan. Ó kọ̀wé sí wa pé ṣóńṣó orí òòlù tó ń gbá ọta nínú ìbọn náà kán, pé tí òun bá fà á, kì í dún mọ́. Òótọ́ ni, kì í dún. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó yẹn ò kán. Ẹnì kan fi fáìlì, irin tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn, rẹ́ ẹ ni."

Oleta yíjú kúrò lójú fèrèsé.

"Kí ẹ má bínú o, mà, ṣùgbọ́n ẹni náà mọ iṣẹ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, fáìlì ò sì yẹ̀ kan ibòmíràn. Ọdún kejìdínlógún mi nídìí iṣẹ́ yìí rèé. Èyí tí àwọn èèyàn bá fọwọ́ ara wọn tún ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí wa, bí ọṣẹ tí eku jẹ ló máa ń rí."

Ó kù díẹ̀ kí Oleta dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ayùn ni bàbá náà ń pọ́n fún àwọn agégẹdú, orí àpótí onígi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Oleta sì ti dàgbà, tó ń na fáìlì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà a máa wí pé, "Má fipá mú un. Tì í lọ, gbé e sókè, kó o tó dá a padà. Fáìlì kì í gé nǹkan nígbà tó bá ń padà bọ̀."

"Èmi ni," ni Oleta wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀, mà?"

"Èmi ni mo fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ọkọ mi ò mọ̀."

Súfèé yẹn dáwọ́ dúró, tàbí kó jẹ́ pé Royce ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ ọ́ yé mi."

Oleta kò tíì sọ ọ́ fún àjèjì kankan rí. Bóyá nítorí àjèjì ni ọkùnrin yìí ni ó ṣe rọrùn.

Ní oṣù kẹjọ, Dub Ferrell, tó ti jẹ́ aládùúgbò wọn láti ogójì ọdún, gbé àkàbà tó yá lọ́wọ́ Verlin wá dá padà. Ọ̀sán gangan ni. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì nítorí àkàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Verlin ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú rẹ̀, kò dá a mọ̀, ó sì na ìbọn sí i láyà. Dub ní, "Verlin, tó bá jẹ́ tìtorí àkàbà yìí ni, mo ti gbé e dé." Verlin bi í pé ta ló rán an. Ni Dub bá ń fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn, ó fẹ̀yìn dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, kò sì rántí sọ àkàbà náà sílẹ̀. Ó tún gbé e lọ sílé padà.

Nígbà tí Dub ń sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin yòókù níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí ní ilé epo, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àmọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún Oleta, kò rẹ́rìn-ín. "Leta, ìka rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń fà á," ló wí. "Verlin ló kọ́ mi pé èèyàn kì í fìka síbẹ̀ àfi tó bá ti pinnu."

Oleta sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí òwúrọ̀ ni orí rẹ̀ máa ń wà níbi tó yẹ kó wà. Verlin sunkún. Ó ní kí Janelle, ọmọ wọn, wá láti Tulsa kó wá gbé ìbọn náà lọ. Janelle wá, ó gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Verlin ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó rí i pé ó ṣófo, ó sì pe ọlọ́pàá pé Dub Ferrell ti jí ìbọn òun. Ọlọ́pàá méjì dúró sí àgbàlá Dub lójú gbogbo àdúgbò. Janelle tún wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó gbé e padà wá.

Oleta sọ ọ́ fún Verlin lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Oleta bá a níwájú àpótí náà pẹ̀lú òòlù àti irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, ó ti ṣí i bí agolo sàdíìnì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà ló ti sọ ọ́. Verlin gbà, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀wà tó tutù, ó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún.

Ìbọn náà gbọ́dọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, Oleta ti mọ èyí. Ó ro ti ọta, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Verlin ń ka ọta bó ṣe ń ka adìyẹ, mẹ́fà péré ni wọ́n, kò pọ̀ tó kó ṣì wọ́n kà. Ìyẹn ni ó fi mú fáìlì bàbá rẹ̀. Ó yọ ọta, ó fa òòlù ìbọn náà sẹ́yìn, ó sì rí ṣóńṣó irin tó yọrí níwájú rẹ̀, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ náà kò gùn tó àkókò tí ẹyin fi ń jinná. Ó dá ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sáyè wọn.

"Ejò ló ba ètò mi jẹ́," ló sọ fún Royce. "Ejò dúdú kan wọ ìtẹ́ adìyẹ wa lóṣù kẹsàn-án. Ọkọ mi fà á sí i lẹ́ẹ̀mẹfà, kò dún. Mo rò pé á kàn jù ú sínú dúrọ́ọ̀ padà ni."

Oleta gbàgbé irú ọkùnrin tí òun fi ṣe ọkọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verlin fi pín lẹ́tà ní àwọn ọ̀nà oko tó yí ìlú wọn, Tolbert, ká. Ó lè máà mọ̀ bóyá òun ti jẹun, ṣùgbọ́n tààrà ló lọ sídìí agolo tó ń kó ìwé sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa rìsíìtì ọdún 1979 jáde, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ fi sínú páálí ìbọn náà lọ́jọ́ tó rà á. Ó kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá wà láàyè.

"Ṣé mo ti kú ni?" ló bi í.

"O ò tíì kú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó kọ lẹ́tà pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà. Ilé iṣẹ́ fi páálí ránṣẹ́, wọ́n ti lẹ ìwé àdírẹ́sì tiwọn mọ́ ọn lára. Verlin ṣàlàyé fún Oleta pé ẹni lásán kò gbọ́dọ̀ fi ìbọn ìléwọ́ sínú lẹ́tà ìjọba, ilé iṣẹ́ akẹ́rù ni wọ́n ń gbé e fún. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ń dán. Oleta wakọ̀ gbé e lọ. Rìsíìtì tí akẹ́rù fún un ló fi sínú dúrọ́ọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí Verlin bá ṣí i, á ka rìsíìtì, á ní, "Hẹn, ó wà níbi àtúnṣe," á sì tì í padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ilé wọn tòrò jù ní gbogbo ọdún náà.

"Royce," ni Oleta wí, "ṣé o ò lè kọ ọ́ pé irú irin bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́? Ìbọn ọdún 1979 ni."

"Mà, ogójì irú rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́yìn mi. Mi ò lè kọ irọ́ sórí ìwé ìbọn. Ìwé yẹn á pẹ́ láyé jù mí lọ."

"Mú un pamọ́ nígbà náà."

"Ìbọn oníbọn ni. Tí mo bá mú un pamọ́ láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, olè ni mí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan ni mo lè dá a padà fún. Ẹ̀yin gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín, mi ò lè gba àṣẹ lẹ́nu yín."

"Kí lo wá lè ṣe?"

Oleta gbọ́ tí àga dún lábẹ́ ọkùnrin náà. "Pẹpẹ kan wà níbí tí a ń kó àwọn ìbọn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹni tó ni wọ́n sí. Tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ká dúró, á wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn náà, a ó kọ lẹ́tà sí i. Tó bá fèsì pé ká ṣì dúró, àádọ́rùn-ún mìíràn nìyẹn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òun ni á sọ ọ́, mà. Tí kò bá sì sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá fi di ọjọ́ Jímọ́, á ti dé ọ̀dọ̀ yín."

"Nígbà wo lo máa pè é?"

"Lọ́la, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò ní dárúkọ yín fún un. Àmọ́ tó bá bi mí, mi ò ní purọ́."

"Màá ti sọ fún un kó o tó pè."

"Ó dáa, mà." Ó kù díẹ̀ kó gbé fóònù sílẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ la ní láti gbà lọ́wọ́ bàbá tèmi," ló wí. "Ó ṣe díẹ̀ báyìí."

*

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án. Oleta dúró kí Verlin fi búrẹ́dì sínú omi ẹ̀wà, kó jẹ ẹ́, kó nu ẹnu. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, láti orí àkàbà Dub dé orí fáìlì, láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìgbà kẹrin rèé tó ń sọ ìdajì àkọ́kọ́. Ó ti mọ ibi tí ojú Verlin yóò ti yí padà.

"Mo na ìbọn sí Dub? Dub Ferrell?"

"O nà án sí i."

"Kí ni Dub wí?"

"Ó ní tó bá jẹ́ tìtorí àkàbà ni, òun ti gbé e dé."

Verlin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jáde kó tó lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, bíi pé Dub ṣì wà níbẹ̀.

"Ìwọ wá lọ gé orí òòlù ìbọn mi."

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú fáìlì Bàbá?"

"Pẹ̀lú fáìlì Bàbá."

"Leta, ohun èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lẹ́yìn rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti le. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn. Mi ò ṣí ẹyọ kan wò rí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí wọn ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ahọ́n ni mo máa ń fi bá wọn lá a kó lè lẹ̀. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ."

"Nígbà wo?"

"Ìgbà mẹ́ta."

Lẹ́yìn ilé, adìyẹ kan ń kígbe pé òun ti yé ẹyin.

"Kí ni mo wí?"

"O gbà. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo gbà."

Ó yí ife omi rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Àwọn iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ dà bí àwọn ọ̀nà oko tó ń tọ̀ nígbà náà, tí Oleta máa ń rí nínú àwòrán ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. "Tí mo bá gbà báyìí náà," ló wí, "ìgbà wo ni màá tún gbàgbé?"

"Tí a bá ti palẹ̀ abọ́ mọ́, bóyá."

Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó dìde, ó lọ sídìí agolo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mú káàdì aláwọ̀ òféefèé kan bọ̀ láàrin àwọn tó kù sí i lọ́wọ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Oleta mọ káàdì náà. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i fún ilé lẹ́tà, pé kí wọ́n dá lẹ́tà òun dúró láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí. Gbogbo Tolbert ló mọ bí Verlin ṣe máa ń pa káàdì mọ́. Ìyá rẹ̀ gan-an lọ kí àbúrò rẹ̀ nígbà kan, ó kọ ọ́ sí káàdì pé ọjọ́ Jímọ́ ni òun máa dé, ó sì ti dé ní ọjọ́rú. Verlin wakọ̀ kọjá níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyá náà dúró sí ìdí ọgbà, ó ń pariwo pé, "Verlin, èmi ni mo bí ọ o." Verlin yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Mo mọ̀, Mama. Jímọ́ ló wà nínú káàdì."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Verlin T. Burkhalter. Níbi tí wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì, ó kọ àdírẹ́sì. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọ́n máa dá dúró, ó kọ ọ́ pé: ìbọn mi, ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe. Ó bi Oleta pé ọjọ́ wo ni òní jẹ́, ó kọ ọ́ sí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá gbé bírò sókè níwájú ibi ìparí, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀ títí Oleta fi rò pé ó ti gbàgbé. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Tí wọn ò bá kọ ọjọ́ tó máa parí ńkọ́?" ni Oleta bi í.

"Á wà bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó fọwọ́ sí i á fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pa á rẹ́."

"O ò kọ ìdí rẹ̀."

"Káàdì kì í sọ ìdí. Tí apínlẹ́tà bá ń béèrè ìdí, kò ní parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó na káàdì sí i. "Fi sínú dúrọ́ọ̀. Fáìlì yẹn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì irin gbọ̀n ọ́n. Irin ìbọn mi á ti há sí i léyín."

Oleta palẹ̀ abọ́ mọ́. Ó ń nu èyí tó kẹ́yìn nígbà tí Verlin yọjú sí ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn, ó sì bi í bóyá àwọn alátùn-únṣe ìbọn ti pè.

"Ọ̀la ni wọ́n máa pè," ni Oleta wí.

*

Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, Verlin ti jókòó ti fóònù. Ó ti gé irùngbọ̀n, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Rìsíìtì ọdún 1979 wà lórí itan rẹ̀, tó bá di pé wọ́n béèrè. Oleta dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, nítòsí dúrọ́ọ̀. Ó ti rò ó láti òru pé òun á fi káàdì náà lé e lọ́wọ́ kí fóònù tó dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé òun kò lè ṣe é. Tó bá gbà á lọ́wọ́ òun kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, á dà bí ohun tí òun ń tì sí i lọ́wọ́.

Fóònù dún.

"Verlin Burkhalter nìyí. Hẹn. Ṣé ẹ ti tún un ṣe?" Ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Díẹ̀díẹ̀, orí náà dúró. "Fáìlì? Ta ló fi fáìlì rẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Verlin," ni Oleta wí.

Ó wò ó. Kò bínú. Oleta ìbá fẹ́ kó bínú. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni ojú ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé tó ń gbé, tí gbogbo èèyàn sì ti mọ̀. Ó gbé fóònù kúrò létí.

"Kí ló dé?"

Oleta ṣí dúrọ́ọ̀. Ó mú káàdì náà jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀ lórí rìsíìtì, ó sì padà sí ibi tó dúró sí.

Verlin ka iwájú káàdì. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. Ó tún yí i síwájú. Nínú fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ohùn kékeré Royce ń sọ pé, "Sà? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀, sà? Ṣé ká tún un ṣe?"

"Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyí," ni Verlin wí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi àtàǹpàkò rìn lórí orúkọ ara rẹ̀, ó sinmi níbi ìparí tó ṣófo. Ó gbé fóònù sétí.

"Ọmọ mi, kí ni orúkọ rẹ? Royce. Royce, káàdì kan wà lọ́wọ́ mi níbí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ dá a dúró." Ó gbọ́ díẹ̀. "Rárá, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Bó ṣe wà ni kó wà. Títí di ìgbà wo? Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀." Ó tún gbọ́. "Ẹ kọ lẹ́tà yẹn nígbà náà. Màá fèsì. Mi ò fi lẹ́tà sílẹ̀ láìfèsì rí. Dúró ná. Ìwé àdéhùn tí ẹ fún mi yìí, ṣé ó ṣì múlẹ̀?"

Oleta kò gbọ́ ohun tí Royce sọ, ṣùgbọ́n ó rí i bí èjìká ọkọ rẹ̀ ṣe rọ̀.

"Ó dáa," ni Verlin wí. "Kò sí ìkánjú nígbà náà."

Ó gbé fóònù kọ́. Ó jókòó pẹ̀lú káàdì náà lọ́wọ́, ó sì bojú wo ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ilé kan lójú ọ̀nà tí kò tọ̀ rí.

"Leta. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí mo fi kọ ọ́?"

Oleta lanu. Ìgbà karùn-ún rèé. Ó ti dé orí àkàbà nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí Verlin gbé ọwọ́ sókè.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Káàdì kì í sọ ìdí." Ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sínú dúrọ́ọ̀, ó sì tì í.

*

Ní ọjọ́ Àìkú, Oleta pe Dub lórí fóònù.

"Ìbọn ò sí nílé," ló sọ fún un. "O lè gbé àkàbà wá."

"Leta, àkàbà yìí ò dí mi lọ́wọ́ o. Ó lè wà níbí títí Jésù á fi dé."

"Dub."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Káàdì tó fọwọ́ sí wà níbẹ̀."

"Káàdì," ni Dub wí. Òun náà wà lára àwọn tí Verlin ti bá dá lẹ́tà dúró rí. "Ó dáa. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán."

Ó dé. Oleta ń po ìyẹ̀fun nígbà tó gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ lára ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó nu ọwọ́, Verlin ti wà níbẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Oleta ti rí i tó ṣí dúrọ́ọ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé láìwò, bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò ṣòkòtò. Ọwọ́ náà tọ inú rẹ̀ wò. Ó mú káàdì jáde.

Verlin gbé e súnmọ́ ojú. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kánjú. Ẹsẹ̀ tún kan ilẹ̀kùn. Ó dá káàdì padà, ó ti dúrọ́ọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Dub dúró síbẹ̀, àkàbà ní èjìká, fìlà rẹ̀ lẹ́yìn orí. Ó wo ọwọ́ Verlin méjèèjì kó tó wo ojú rẹ̀. Verlin ń wò ó. Oleta kò lè sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n.

"Àkàbà mi nìyẹn," ni Verlin wí níkẹyìn.

"Òun ni."

"Ó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ."

"Mo gbé e wá lẹ́ẹ̀kan," ni Dub wí. "Mi ò bá ọ nílé."

Verlin gbà á gbọ́. Ó di orí kan mú, Dub di orí kejì mú, wọ́n sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Oleta padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri lókè rẹ̀, ó ti fi bírò pupa yí ọjọ́ kan po nínú oṣù kejì, níbi tí àádọ́rùn-ún ọjọ́ parí sí. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé àkàbà ti ara ògiri. Ó gbọ́ tí Verlin ń fi àwọn adìyẹ han ọkùnrin náà, tó ń kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Méje," ni Verlin wí, ó sì dúró.

Oleta dá ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìyẹ̀fun.

"Mẹ́jọ," ni Dub wí.